Ìràwọ̀ Tí Kò Sẹ́ni Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Ìdó-Àràbà. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn tí kò gbọ́ràn dáadáa, tó wá délé tó ń ròyìn ohun tí kò gbọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kó má dárúkọ mi mọ́ ọn. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Ajíbọ́lá tó lé ẹfọ̀n padà sígbó tí ẹfọ̀n sì dúpẹ́. Ìbọn mi kò dún rí kó má pa ẹran, àfi ọjọ́ kan tí ẹran náà bẹ̀ mí. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ojú mi yìí ló rí i, ẹsẹ̀ mi yìí ló sì rìn ín. Bí mo bá fi irọ́ kún un, díẹ̀ ni, kí ọbẹ̀ lè ní iyọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré kò mọ ìgbà tí mò ń wí. Nígbà náà, bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, jìnnìjìnnì a bo gbogbo ìlú, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni àwọn Agbókèwá máa ń sọ̀kalẹ̀. Wọn kì í gba ẹnu ibodè, wọn kì í gba ojú omi. Òkè ni wọ́n ń gbà wá, bí àṣá ṣe ń wá bá òròmọdìyẹ. Wọn a kó iṣu, wọn a kó màlúù, wọn a gbé ènìyàn, kí ẹni tó ń sáré tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ti lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń mọ ohun gbogbo ṣáájú. A kó iṣu pamọ́ sínú ihò àpáta, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ihò àpáta náà gan-an ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí. Balógun wa, Ògúnrónbí, kó ọmọ ogun pamọ́ sínú igbó ẹ̀bá odò, iná bọ́ látòkè lù wọ́n nínú igbó náà. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wa. Ọkọ ń ṣọ́ aya, ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ àbúrò, ẹni tó bá sín lójú ọ̀nà, a ó ní ó ń fi àmì ránṣẹ́ sí ọ̀tá.

Balógun ní kí a mọ odi. A mọ odi, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó ní kí a ra ìbọn, a rà á, gbogbo owó ìlú wọ inú odi àti ìbọn tán. Ọdún tí odi náà parí ni wọ́n gbé Àwẹ̀ró lọ.

Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tí Látúndùn ìyàwó mi bí fún mi. Ó ti tó wọlé ọkọ nígbà náà. Kò sí ọ̀nà oko tí kò mọ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá, kò sí ihò àpáta ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí kò mọ̀, nítorí ẹ̀yìn mi ló ti ń tọ̀ láti ìgbà tó ti mọ ìrìn. Ó lọ pọn omi lọ́sàn-án gangan, ìkòkò rẹ̀ nìkan ni a rí. Èmi tí mo ti wo ojú ẹkùn tí n kò ṣẹ́jú, mo jókòó sẹ́bàá ìkòkò yẹn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. N kò tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tí omijé gbẹ, mo lọ sí ààfin. Oníìdó Adégbìtẹ́ ló wà lórí oyè, ọba tó máa ń ronú pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ lọ."

"Níbo, Ọdẹ́níran?"

"N kò mọ̀, Kábíyèsí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ òkè. Ọmọ mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Ọba ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá mi sọ fún mi pé ìlú kan wà lódìkejì Igbó Àìwòkè. Ojú-Alákàn ni wọ́n ń pè é. Àwọn Agbókèwá kò dé ibẹ̀ rí. Bí o bá dé ọ̀hún, bá mi bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Ohun tí wọ́n bá ní ká fi ṣe é, bó ti wù kó wọ́n tó, a ó fi ṣe é."

Balógun gbọn orí. Ó ní, "Baba ọdẹ, ìbànújẹ́ ló ń tì yín. Ẹ dúró nílé, ẹ jẹ́ ká fi kún odi."

Mo gbé ìbọn mi, mo jáde. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè, kí ló fẹ́ fi odi ṣe?

Mo wọ Igbó Àìwòkè. Ẹ̀yin ọdẹ òde òní, tí ẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ọ̀kẹ́rẹ́ kiri, bí ẹ bá dé igbó yẹn, ẹ ó pe ìyá yín. Gbogbo igi ibẹ̀ ló tẹrí ba. Ẹ̀ka wọn ń wọ́ nílẹ̀, ẹyẹ ibẹ̀ kì í fò, ìrìn ni wọ́n ń rìn, òdòdó ń tanná sínú erùpẹ̀. Ẹ̀rù igbó náà wọ̀ mí lára, nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ kò jọ ti ibi tí ohun alààyè wà. Bí mo ti ń lọ ni iwin kan yọ sí mi. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan orúnkún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ nìkan ló ń ríran.

"Ta nìyẹn?" ó bú ramúramù.

"Èmi Ọdẹ́níran ni, ọmọ Ajíbọ́lá! Yà lọ́nà fún mi kí n tó fi ọ́ ṣe ẹran àjẹsùn!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìjá ààlọ́ mi. Bí o bá sọ èyí tí kì í ṣe, ọrùn rẹ yóò tẹ̀ díẹ̀. Bó bá tẹ̀ tán, ìwọ náà di ará ibí. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ọba kan mọ odi síwájú, ó mọ odi sẹ́yìn, ó mọ ọ́n sọ́tùn-ún, ó mọ ọ́n sósì. Olè wọlé, ó kó ohun gbogbo, kò fọwọ́ kan odi, kò gbẹ́ ilẹ̀. Ibo ni olè gbà?"

Mo ní, "Ará ilé ló ṣílẹ̀kùn fún un." Ó dá mi lójú. Ṣe ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nílé náà nìyẹn. Ọrùn mi dún, ó tẹ̀. Mo ní, "Ọba náà fúnra rẹ̀ ni olè." Ọrùn mi tún tẹ̀. Mo fi agbára pariwo pé, "Olè náà ti wà nínú ilé kí wọ́n tó mọ odi!" Àgbọ̀n mi bá kan àyà. Gbogbo ohun tí mo wá lè rí kò ju àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi lọ, àti omi díẹ̀ tí òjò dá sójú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n.

Mo ń wo omi náà, mo ń rò pé bí Àwẹ̀ró kò ṣe ní bàbá mọ́ nìyí. Nínú omi kékeré yẹn ni mo ti rí òjìji àṣá kan tó ń fò kọjá, ìkùukùu funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Òkè!" mo kígbe. "Òkè ni olè gbà! Ọba náà kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ òkè!"

Ọrùn mi ta gbàù, ó nà. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀run. Ẹ̀yin ará, mo ti ń rí ọ̀run láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò ó. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Bó ti tóbi tó yẹn, bó ti ṣí sílẹ̀ tó, kò sí ẹ̀ṣọ́ kan níbẹ̀!

Iwin náà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Èmi ni ọba tó mọ odi yẹn. Máa lọ, ọdẹ." Mo fún un ní orógbó kan, mo kọjá.

Lódìkejì igbó mo bọ́ sí ìlú kan tí n kò rí ilé kankan níbẹ̀. Ihò ni mo rí káàkiri ilẹ̀, bíi ti òkété. Bí ènìyàn bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ da ìkòkò borí, á sáré já ewébẹ̀, á sì tún sáré wọlé padà. Jẹun-Òní ni orúkọ ìlú náà. Ilé gíga kan ti wó sí àárín ìlú, awò ńlá tó ti fọ́ wà lórí rẹ̀, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Mo bi olórí wọn pé kí ni ilé yẹn jẹ́. Ó yọ orí díẹ̀ láti inú ihò rẹ̀.

"Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ló kọ́ ọ láti máa fi ṣọ́ òkè. Láràárọ̀ la máa ń bi wọ́n pé, 'Kí ni ẹ rí lánàá tí a lè jẹ lónìí?' Wọ́n á ní kò tíì sí. Nígbà tó sú wa, a fi owó iṣẹ́ wọn se àsè."

"Àsè náà ńkọ́?"

"Háà, ọdẹ, ó dùn!" Ó ń fi ahọ́n lá ètè bó ti ń rántí rẹ̀. "Ọbẹ̀ ìgbín wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àsè ni àwọn Agbókèwá dé."

"Àwọn ọ̀mọ̀wé yín wá dà?"

"Ojú-Alákàn gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n bá lọ nìyẹn." Ó nawọ́, ó rántí pé òun kò da ìkòkò borí, ó sì pòórá sínú ihò.

Bí mo ṣe mọ ọ̀nà Ojú-Alákàn nìyẹn, àánú àwọn tó fi hàn mí sì ń ṣe mí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo wá odi ìlú náà, n kò rí i. Àwọn ọmọdé ń ṣeré ní gbangba, àwọn ìyá wọn ń sá ẹ̀gẹ́ sójú oòrùn, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn. Mo rí ààfin ọba wọn, kò tóbi ju ilé mi lọ. Ṣùgbọ́n ilé kan wà lórí òkè ìlú náà, ó tóbi bí ọjà, Ilé Ìmọ̀ ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yọ́ yanrìn lórí iná, tó di omi pupa, tó tún di gíláàsì tó mọ́ ju omi ìsun lọ. Mo rí ọ̀pá idẹ tó nà bí igi àgbọn, ó ń yí fúnra rẹ̀, ó ń tẹ̀lé ohun kan lójú sánmà tí ojú mi kò rí. Mo rí ọfà tó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n rọ iná sínú ìdí rẹ̀, ó fò, ó lọ, ó lọ títí ó fi di bíńtín, ó sì padà wá balẹ̀ síbi tí wọ́n ní kó balẹ̀ sí. Èmi tí mo mọ igba ògèdè, ẹnu mi wọhò.

Ìyá àgbà kan ni olórí ilé náà, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni wọ́n ń pè é. Iná gíláàsì ti jó o lọ́wọ́ níbi púpọ̀. Mo wólẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi, ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó ń jẹ orógbó rẹ̀ lọ.

"Ọdẹ," ó ní, "ìràwọ̀ tó wà lórí ìlú yín, mélòó ni?"

Mo fò sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́! Àwa kì í kà á."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ òṣùpá ni wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ọmọdé bá nawọ́ sókè tó ní òun ń ka ìràwọ̀ ní Ìdó-Àràbà, wọn á gbá a lọ́wọ́."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí nìyẹn. Ohun tí ẹ kì í kà, bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan kún un, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó mú mi lọ sí yàrá tó ga jù. Ó fọwọ́ kan irin kan, òrùlé yàrá náà sì là sí méjì, ó sún sẹ́yìn láìdún. Ó ní kí n fi ojú sí awò ńlá tó wà níbẹ̀. Mo fi ojú sí i, mo kúnlẹ̀. Òṣùpá sún mọ́ mi débi pé mo rí òkè rẹ̀, mo rí àfonífojì rẹ̀. Lẹ́yìn ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ mìíràn wà. Lẹ́yìn ìyẹn, eruku ìràwọ̀ ni, bí ẹni gbọn ìyẹ̀fun dànù. Mo gbàgbé ìbọn mi, mo gbàgbé ìgbéraga mi. Mo ń sọ ṣáá pé, "Ẹlẹ́dàá o, Ẹlẹ́dàá o."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ yí awò náà sí ọ̀nà ìlú wa. "Wo àwọn yìí. Gbogbo wọn ń rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn bí agbo àgùntàn tó ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n wo ti àárín yẹn. Kò bá ẹgbẹ́ rìn. Orí ìlú yín ló dúró sí. Ìràwọ̀ tí kò bá ìràwọ̀ rìn, ohun tí ẹnìkan ṣe ni."

Mo wò ó. Ilé idẹ kékeré kan ló ń dán lójú òfuurufú, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nínú fèrèsé náà ni ènìyàn kan jókòó, ojú rẹ̀ là, kò ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ará, Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró ọmọ mi ni!

Mo pariwo, mo fẹ́ gba inú awò náà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló dì mí mú. Mọ́rẹ̀nikẹ́ jókòó tì mí nílẹ̀.

"Àlejò ní ojú, kò fi ríran," ó ní. "Àwọn Agbókèwá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń gbé láti fi ṣe ojú, bí ojú ọ̀kan bá sì ti rẹ̀, wọn á gbé òmíràn. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lórúkọ mọ́, ohun tí wọ́n bá ní kó wò ni yóò wò, ohun tí wọ́n bá bi í ni yóò sọ. Kò mọ̀ pé ìlú bàbá òun ni òun ń tú fún ọ̀tá."

"Ìyá, ẹ fún mi lóògùn. Mo bẹ̀ yín."

"Oògùn wo? Ìyá ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ilé yìí. Ó kú láìrí ohunkóhun nínú awò tirẹ̀ ju kùrukùru lọ. Ọba ìgbà náà kò bi í pé èrè dà. Ó ń bọ́ ọ, ó ń bọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oògùn wa nìyẹn. Bí ọba rẹ bá lè ṣe é, n ó fún ọ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn yóò sì kọ́ àwọn ọmọ yín. Bí kò bá lè ṣe é, má kó wọn lọ síbi tí wọ́n á tún ti fi owó iṣẹ́ wọn se àsè."

Bí mo ṣe padà dé ilé, ìyẹn kò ní ìtàn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń dúró dè é kì í wo ẹ̀gún ọ̀nà. Ọba pe ìgbìmọ̀. Bí mo ti sọ pé kí a ka ìràwọ̀, àwọn àgbà fi ọwọ́ di etí. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, wọ́n ní òṣùpá yóò bínú, aboyún kò ní bímọ. Balógun Ògúnrónbí dìde.

"Kábíyèsí, ìràwọ̀ kì í ṣe iṣu, a kò lè sè é. Iṣẹ́ odi ò tíì tán, a wá fẹ́ máa da owó sójú sánmà!"

Mo wo ojú ọba. Bí ó bá gbà fún wọn, ọmọ mi ti lọ nìyẹn.

Oníìdó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní ká kà wọ́n? Ìyá ọlọ́mọ púpọ̀, ṣé kíkà ló ń ka ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́? Orúkọ ló ń fi pè wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ àwọn ọmọ òṣùpá lórúkọ. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò ní tirẹ̀. Èyí tí a kò bá rí agbo ilé tó mọ̀ ọ́n, ọ̀tá ni." Àwọn àgbà wo ara wọn, wọn kò rí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kábíyèsí o!"

A sọ wọ́n lórúkọ lóòótọ́, pẹ̀lú oyin, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú atare. Ẹ̀yin ń rò pé eré ni? Ìwọ Bọ́dúnrìn tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ìràwọ̀ agbo ilé yín ni Abíọ́nà, nítorí ẹnu ọ̀nà oko ló ti máa ń yọ. Ojú tó wà lókè rí wa, àríyá ọmọ tuntun ló rò pé a ń ṣe.

Ọba kò fi kún odi mọ́. Owó odi wọ inú Ilé Ìmọ̀ tiwa, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Nígbà tí kò tó, ó ta iyùn ọrùn rẹ̀. Ojú wa rí nǹkan! Awò àkọ́kọ́ fọ́, èkejì ń ríran bàìbàì, ọfà oníná àkọ́kọ́ ṣẹ́rí padà, ó jó abà ọba kanlẹ̀. Gbogbo wa sá. Ọba jáde wá, ó wo eérú abà rẹ̀, ó ní, "Ó fò àbí kò fò?" Wọ́n ní, "Ó fò, Kábíyèsí." Ó ní, "Ẹ ṣe òmíràn." Áà, ọba tó bá ní àyà bẹ́ẹ̀, kó pẹ́ láyé!

Ọyẹ́ tún ń bọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa parí awò àti ọfà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo agbo ilé jáde, oníkálukú wá ìràwọ̀ rẹ̀, oníkálukú rí i. Ọ̀kan ṣẹ́kù lókè orí ìlú, tí kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Balógun gbé ọwọ́ sókè.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàfà lù ú."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Kábíyèsí, ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀! Àwọn ará Ilé Ìmọ̀ ti ṣe gbohùngbohùn tí ohùn rẹ̀ ń dé òkè. Ẹ jẹ́ kí n pè é."

Balógun sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Baba ọdẹ, mo mọ̀ pé ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é tí kò jí, ọ̀tá yóò mọ̀ pé a ti mọ̀. Wọn yóò sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ọmọ tiyín nìkan kọ́ ni ọmọ."

Òótọ́ ló sọ. Ọba pa ojú dé, ó là á. "Pè é, Ọdẹ́níran. Bí o bá pè é tán tí kò jí, kí ìwọ fúnra rẹ wí fún wọn pé kí wọ́n tàfà."

Mo gbá gbohùngbohùn mú. Mo kì í: "Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ, ọmọ agbọ́-ìró-ewé mọ ẹran tó ń bọ̀! Ọmọ Ajíbọ́lá tí ẹfọ̀n ń kí nígbó!" Mo kì í lọ, mo kì í bọ̀, ìràwọ̀ náà dúró gbọnin. Mo tún kì í, ohùn mi há. Àwọn tafàtafà ń wo ẹnu mi. Ẹnu mi kò lè sọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Látúndùn ìyàwó mi ló ti àárín èrò jáde, ìpọnbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ilé ìdáná ló ti sáré wá. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Kò kì í. Ó kàn pè é bó ṣe máa ń pè é nírọ̀lẹ́ gbogbo:

"Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró! Ibo lo wà láti ọjọ́ yìí? Wá jẹun, iṣu ti jinná!"

Ìràwọ̀ náà ṣẹ́jú.

Gbogbo ìlú na ọrùn sókè. Ó tún ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ó kúrò lórí wa, ó kọjú sí ìkùukùu kan ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì tàn sí i yòò. Àwọn Agbókèwá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye, wọ́n ti múra tán láti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ bojú bí olè tí wọ́n tan iná sí. Balógun kígbe, ọfà oníná wa sì gbéra. Ìkùukùu yẹn là, ó fọ́n ká, ìyókù wọn sá lọ. Títí di òní, wọn kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni ohùn kan jáde láti inú gbohùngbohùn, ó tín-ínrín, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà. "Bàbá, mo ti rántí orúkọ mi. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, ojú òkè á fọ́, wọn á sì padà wá. Ẹ ṣe ojú mìíràn tí yóò rọ́pò mi, kí ẹ sì ṣe ọ̀nà tí n ó gbà délé láàyè." Ó wá pe ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bu tèmi sílẹ̀."

Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Ilé Ìmọ̀ ń ṣe láti ìgbà náà nìyẹn. Ó le, ó sì pẹ́. Ọdún tó kọjá wọ́n rán àkùkọ kan lọ sókè, ó padà wá láàyè. Òun ló ń kọ lọ́sàn-án gangan ní ìsàlẹ̀ ọjà, ẹ má pa á o. Bí àkùkọ bá lè lọ kó bọ̀, ọmọ mi ń bọ̀ nìyẹn.

Kí lo wí, Bọ́dúnrìn? Sọ ọ́ sókè. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn Agbókèwá kò wá mọ́, kí a dá owó Ilé Ìmọ̀ dúró, kí a fi tún ọjà ṣe? Ẹ̀yin mélòó kan níbí sì ti gbà fún wọn? Mo gbọ́. N kò bínú. Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń bá ènìyàn jà lọ.

Ṣùgbọ́n Látúndùn wà nínú ilé ìdáná lẹ́yìn yìí. Ó ń bu oúnjẹ Àwẹ̀ró sílẹ̀ lọ́wọ́, bó ti ń ṣe nírọ̀lẹ́ gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ kí a dá owó náà dúró, kó dìde, kó wọlé lọ bá a, kó sọ fún un pé kó má bu ú mọ́.

Ẹ má wojú mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.